Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Ọ̀rọ̀ Lórí Géèmù Àtijọ́ Tó Ń Fà Lórí Kọ̀ǹpútà

  Àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tí kò ráyè wá lè rí i kà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìṣèlú, kì í sì í ṣe ti owó ẹgbẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkàn Akápò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ géèmù ni.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi orí jì wá. Nígbà tí ẹ rò pé ilé ìkàwé ni a wà ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, ṣọ́ọ̀bù géèmù ni ọ̀pọ̀ wa gbà lọ, tí a ń sanwó lórí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan tí a bá gbá lórí PlayStation 2. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó bá borí á jókòó sí i. Ẹ̀rọ Sony yẹn jáde ní Jàpáánì ní oṣù Kẹta ọdún 2000, ó tà ju mílíọ̀nù 150 lọ káàkiri ayé, wọ́n sì ṣíwọ́ ṣíṣe rẹ̀ ní ọdún 2013. Láti ìgbà náà, èyí tó bá bàjẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ojú tí ó fi ń ka díìsì ń ṣú, díìsì fúnra rẹ̀ ń ha. Ìdí nìyí tí púpọ̀ nínú wa fi ń wá ọ̀nà láti ta àwọn géèmù wọ̀nyí lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, tí a ó sì rí i pé eré náà ń fà bí ìgbín, tàbí kí àwòrán rẹ̀ máa já sí wẹ́wẹ́. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Lọ ra kọ̀ǹpútà tuntun." Òun ni mo fi sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, òun náà ni mo kọ́ ní Poli, n kì í ṣe ẹnjinníà. Ṣùgbọ́n oníròyìn mọ ohun kan: ó mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dájọ́. Bí ẹ bá mú ìyẹn nìkan lọ sílé lónìí, mo ti ṣe iṣẹ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Emulator ni ètò orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ó ń ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ géèmù àtijọ́. Ẹ fi wé ògbufọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Oníwàásù ń sọ èdè kan, ìjọ gbọ́ òmíràn, ògbufọ̀ dúró láàrin. Bí ògbufọ̀ bá já fáfá, ìjọ á gbàgbé pé ẹnì kan tilẹ̀ dúró níbẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, ìwàásù á bẹ̀rẹ̀ sí fà. PCSX2 ni ògbufọ̀ PlayStation 2. DuckStation ń ṣe ti PlayStation àkọ́kọ́. Dolphin, tí ó kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2003, ń ṣe ti GameCube àti Wii tí Nintendo ṣe. PPSSPP, tí ó jáde ní ọdún 2012, ń ṣe ti PSP, òun sì ni ó pọ̀ jù lórí fóònù wa.

Ẹnì kan á bi mí pé, "Ọpọlọ PlayStation 2 ń lù ní nǹkan bí ìgbà mílíọ̀nù 295 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kọ̀ǹpútà mi ń lu ju bílíọ̀nù méjì lọ. Báwo ni àgbà ṣe wá ń là á, tí ọmọdé ṣe é wẹ́rẹ́?" Ìbéèrè gidi ni. PlayStation 2 kì í ṣe ọpọlọ kan ṣoṣo. Ó ní olùrànlọ́wọ́ méjì tó ń bá a ṣírò, ó ní èyí tó ń ya àwòrán, ó ní ti ohùn, ó sì ní ọ̀kan tó ń bójú tó díìsì àti páàdì. Gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ògbufọ̀ wa gbọ́dọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn, kí ó sì mú wọn rìn pọ̀ bí onílù inú ẹgbẹ́ kan. Bí géèmù bá jẹ́ ti 60 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ parí láàrin ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, kí a tó tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ báyìí, eré á fà, ohùn á sì máa ya. Ohùn tó ń ya yẹn, ẹ má tíì bá spíkà jà. Lọ́pọ̀ ìgbà, eré tó ń fà ló ń fà á.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bèèrè ọ̀rọ̀.

Ìbéèrè kìn-ín-ní: ṣé ó ń fà lóòótọ́? Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lára àwọn tó lo ètò tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń pè ní PAL, tó ń lo 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Amẹ́ríkà àti Jàpáánì lo NTSC, tiwọn jẹ́ 60. Nítorí náà, bí díìsì yín bá jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù, tí ẹ sì rí 50 lójú kọ̀ǹpútà, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọjọ́ kan wá 10 tí kò sọnù. Ẹ má wo iye àwòrán, ibi tí wọ́n kọ "Speed" sí ni kí ẹ wò. Bí ó bá ti jẹ́ 100 nínú ọgọ́rùn-ún, eré ń lọ bó ṣe yẹ.

Ìbéèrè kejì: iná ńkọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí a yọ kúrò lára iná máa ń dín agbára ara rẹ̀ kù kí bátìrì lè pẹ́. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ láàrin eré, tí géèmù sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi iná sí i, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yan bí kọ̀ǹpútà ṣe ń lo iná, kí ẹ yan èyí tó fún un ní agbára jù. Fóònù náà ní tirẹ̀: ẹ pa ètò tó ń ṣọ́ bátìrì kí ẹ tó ṣí PPSSPP.

Ìbéèrè kẹta: ṣé ó gbóná? Bí géèmù bá sáré dáadáa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí fà, ooru ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó bá gbóná jù á fa ọwọ́ sẹ́yìn fúnra rẹ̀ kó má baà jó. Ẹ gbé e kúrò lórí tìmùtìmù, ẹ gbé e sórí tábìlì. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ó gbọn eruku ọyẹ́ kúrò lára fáànù. Owó ìyẹn kò tó owó kọ̀ǹpútà tuntun rárá.

Ìbéèrè kẹrin ni olórí wọn: ta ni ó rẹ̀? Òṣìṣẹ́ méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà yín tí iṣẹ́ yìí wọ̀ lọ́rùn. Èkíní ni ọpọlọ, tí wọ́n ń pè ní CPU. Òun ni ògbufọ̀. Èkejì ni ayàwòrán, tí wọ́n ń pè ní GPU. Oògùn ọ̀kan kì í wo èkejì, bẹ́ẹ̀ ni ẹlòmíràn ti ra káàdì àwòrán olówó ńlá fún ọpọlọ tó ń sunkún. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ lọ sí ibi ètò àwòrán nínú emulator, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Internal Resolution" sí, kí ẹ dá a padà sí "Native", ìyẹn bí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe ń ya á gan-an. Bí Speed bá fò sókè, ayàwòrán ló ń rù ju agbára rẹ̀. Bí kò bá yí padà, ọpọlọ ni.

Kí ló dé tí ìyẹn fi lágbára tó bẹ́ẹ̀? Ìṣirò ni, ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò wa, ẹ bá mi ṣe é. Ká ní géèmù kan ń ya àwòrán tó ní ẹyọ 640 ní ìbú àti 448 ní òró. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ 286,720. Bí ẹ bá yan ìlọ́po mẹ́rin, iṣẹ́ kò di ìlọ́po mẹ́rin o. Ìbú di ìlọ́po mẹ́rin, òró náà di ìlọ́po mẹ́rin, àpapọ̀ di ìlọ́po 16: ẹyọ 4,587,520 fún àwòrán kan, nígbà tí a sì nílò 50 tàbí 60 wọn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀kánjúwà baba àrùn.

Bí ó bá jẹ́ ayàwòrán ló rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Native, kí ẹ gòkè sí ìlọ́po méjì, kí ẹ dúró níbi tí Speed ti ń jẹ́ 100 láìyẹsẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá ní ayàwòrán méjì, kékeré àti ńlá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kékeré ni Windows gbé iṣẹ́ fún. Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ètò "Graphics" ti Windows. Ẹ tún yí "Renderer" padà láàrin Vulkan, OpenGL àti Direct3D, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo èyí tí ẹ̀rọ yín fẹ́. Bí kọ̀ǹpútà kò bá ní káàdì àwòrán tirẹ̀, tó jẹ́ pé ẹyọ RAM kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, fífi èkejì tó bá a mu kún un máa ń ràn án lọ́wọ́, nítorí inú RAM kan náà ni ọpọlọ àti ayàwòrán ti ń jẹun.

Bí ó bá jẹ́ ọpọlọ ló rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí emulator yín. Oṣù Keje ọdún 2024 ni PCSX2 2.0 jáde, síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń fi ti àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn. Èkejì, ẹ dá gbogbo ètò padà sí bí àwọn tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀. Inú PCSX2 ni wọ́n kó àtúnṣe ọ̀pọ̀ géèmù sí, a kì í fi ọwọ́ kàn án tí yóò fi ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá lọ da ètò ẹlòmíràn kọ lè jẹ́ pé oògùn gan-an ló sọ nù. Ẹ̀kẹta, ẹ rí i pé "Recompiler" wà ní títàn. Ògbufọ̀ tó ń lo Interpreter ń túmọ̀ gbólóhùn kan náà lákọ̀tun nígbàkígbà tí ó bá gbọ́ ọ. Èyí tó ń lo Recompiler kọ ìtumọ̀ sílẹ̀, ó sì ń kà á jáde nígbà mìíràn. Ẹ̀kẹrin, bí ọpọlọ yín bá ní apá mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹ tan "MTVU", èyí tó ń gbé iṣẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olùrànlọ́wọ́ yẹn lọ fún apá mìíràn.

"EE Cycle Rate" wà tí a lè dín kù ní ìpele kan fún géèmù tó wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún "EE Cycle Skip". Ó lè mú kí Speed kọ 100 nígbà tí ojú yín ń rí i pé eré ń ta kókó. Bí ọmọ tó pa máàkì inú káàdì rẹ̀ rẹ́ tó kọ tirẹ̀ sí i ni: bàbá yọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ kò mọ̀wé.

Kí n sọ òótọ́ kún un. Bí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí, tí ó wà lórí iná, tí kò gbóná, tó wà ní Native, tí Speed kò sì kúrò ní 50, ọpọlọ náà kò tó. Nígbà náà ni ẹ tó lè sọ̀rọ̀ owó. Bí ẹ bá sì lọ sọ́jà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi iye apá ọpọlọ tàn yín. Emulator kò lè pín iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́rìndínlógún. Agbára apá kọ̀ọ̀kan ló ń wò.

Irú ìfàsẹ́yìn kan wà tó yàtọ̀: eré ń lọ geere, yóò kàn dá wái nígbà tí ohun tuntun bá wọlé, bíi iná tàbí èéfín, lẹ́yìn náà yóò tún máa lọ. Ayàwòrán ló ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ohun tí kò rí rí. Àwọn tó ṣe Dolphin jà lórí èyí fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó fi "Ubershaders" sí i ní ọdún 2017. Bí ó bá ń yọ yín lẹ́nu, "Hybrid Ubershaders" ni kí ẹ dán wò.

Ó ku ti àwòrán tó bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá bí ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe rí náà nìyẹn. Ògiri tó ń gbọ̀n nínú géèmù PlayStation àkọ́kọ́ kì í ṣe àìsàn: ẹ̀rọ náà kò mọ ìdajì ẹyọ àwòrán, odidi nìkan ló mọ̀, ìdí nìyẹn tí igun ilé fi ń fò láti ẹyọ kan sí òmíràn. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè tan "PGXP" nínú DuckStation. Tí ó bá jẹ́ ìlà dúdú gígùn ní òró àwòrán PCSX2, gbígbé àwòrán ga ló sábà máa ń fà á. Ẹ dá a padà sí Native. Bí ìlà bá lọ, ẹ ti mọ ọ̀tá. Ẹ wá lè gbìyànjú "Half Pixel Offset" tàbí "Align Sprite" nígbà tí ẹ bá tún gòkè. Ẹ tún rántí bọ́tìnnì F9. Nínú PCSX2, yóò gbé yíya àwòrán fún ọpọlọ dípò ayàwòrán. Bí àwòrán bá dára lójú ẹsẹ̀, GPU àti ètò rẹ̀ ni ẹ ó bá wí. Bí kò bá dára, ó lè jẹ́ díìsì tí ẹ dà kọ ni kò pé. Lórí PPSSPP, bí òjìji tàbí ojú ọ̀run bá pòórá, ẹ wò ó bóyá "Skip buffer effects" wà ní títàn. Ó ń mú eré yá, ṣùgbọ́n ó ń jẹ lára àwòrán.

Òfin kan ló de gbogbo rẹ̀: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá lo oògùn mẹ́fà pọ̀ kò ní mọ èyí tó wò ó, kò sì ní mọ èyí tó tún dá a dùbúlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó kàn wá ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo wa rántí ọ̀rẹ́ wa tó fi wá sílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í lè nà ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ní ìsinmi tí a ṣe lẹ́yìn ìdánwò àṣejáde, ó jókòó, ó pa orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ́ nínú géèmù bọ́ọ̀lù rẹ̀, ó fi tiwa sí i. Ẹni tó mọ eré sá, ó fún un lẹ́sẹ̀. Ẹni tó ń pẹ́ dé kíláàsì, ó jẹ́ kí ó lọ́ra. Ẹgbẹ́ náà wà nínú káàdì kékeré kan tí àbúrò rẹ̀ tọ́jú láti ọdún yìí wá. Àbúrò rí ẹni bá a da ohun inú káàdì náà sórí kọ̀ǹpútà, díìsì wọn sì ṣì wà. Nígbà tó ṣí i, orúkọ wa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n eré kò ṣeé wò: Speed wà láàrin 60 àti 70, ohùn ń ya, ìlà dúdú gba ojú pápá. Ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní kó lọ ra òmíràn. Owó yẹn, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ ni yóò gbà.

Ó pè mí. A bèèrè ọ̀rọ̀ bí mo ṣe kà á yìí. Bátìrì ló ń lò, a fi iná sí i, Speed gòkè díẹ̀. A wo àwòrán, ó wà ní ìlọ́po mẹ́rin, kọ̀ǹpútà náà kò sì ní káàdì àwòrán tirẹ̀. A dá a padà sí Native. Speed di 100, ohùn dákẹ́ yíyà, ìlà dúdú bá ibẹ̀ lọ. Kọ́bọ̀ kan kò jáde lápò. Kọ̀ǹpútà náà ló wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹ lọ wá orúkọ yín, ṣùgbọ́n kí ẹ má bínú bí ó bá fi yín sí orí àga àwọn arọ́pò.

Àpẹẹrẹ yẹn kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan sí i. Inú káàdì géèmù gan-an ni kí ẹ máa pa eré mọ́ sí. "Save state" tí emulator ń ṣe fúnra rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n ó lè má ṣí mọ́ bí emulator bá di tuntun. Ẹ da ohun inú káàdì kọ síbi méjì tàbí mẹ́ta. Káàdì náà ń gbó, àwa náà ń dàgbà.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Amẹ́ríkà dá Connectix láre nínú ẹjọ́ tí Sony pè é lórí emulator PlayStation. Ìyẹn kò sọ pé kí a máa kó géèmù onígèémù kiri. Ní ọdún 2024, àwọn tó ṣe Yuzu, emulator Nintendo Switch, gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 owó dọ́là fún Nintendo, wọ́n sì pa ilé iṣẹ́ náà tì. Ẹ lo díìsì tí ẹ rà, kí ẹ sì mú BIOS láti inú ẹ̀rọ tiyín.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kọ́ wa pé kí a ka ìbéèrè dáadáa kí a tó dáhùn. A kò gbọ́ nígbà náà tó bó ṣe yẹ. Ẹ wò ó bí ó ṣe ń wúlò lónìí. Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá ń fà, kí ó wá bá mi lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó mú wáyà iná rẹ̀ dání.